Òjòlá Tí Mo Gbé Wọlé

Ìyàwó mi ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò ní Birmingham lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí àsìkò tó, ó ní ọmọ tuntun náà kì í sùn dáadáa, kí n jẹ́ kí òun fi díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà ò béèrè mọ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Clondalkin, níbi tí a ti ń to ẹrù sínú ọkọ̀, mo sì ń padà sí Huntstown, ní Dublin níbí, sínú ilé tó jẹ́ pé fíríìjì nìkan ló ń pariwo níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ohùn èèyàn. Nígbà tó yá, ohùn yẹn gan-an sú mi.

Mo ronú ajá. Ṣùgbọ́n ta ló máa mú ajá jáde nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́? Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé ẹnì kan ládùúgbò ibẹ̀ fẹ́ ta òjòlá kékeré kan. Àwàdà ló fi ṣe. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀rù ejò ń bà mí láti kékeré. Síbẹ̀, mo ra àpótí gíláàsì àti ohun tó ń mú un móoru, mo sì lọ. Ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan ló ni ejò náà. Ilé tó fẹ́ kó lọ, wọn kì í gba ohun ọ̀sìn níbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó ti sunkún.

"Ẹ na ọwọ́ yín," ó ní. "Ẹ má dì í mú. Ẹ jẹ́ kó máa rìn fúnra rẹ̀."

Ara ejò náà gbẹ, kò yọ̀ bí mo ṣe rò. Ó rọra lọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ohun ẹlẹ́mìí kankan ti di ọwọ́ mi mú. Mo yí ojú sí fèrèsé kí ọ̀dọ́bìnrin náà má baà rí ojú mi.

"Apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni irú rẹ̀ ti wá," ó wí, "ṣùgbọ́n inú àpótí ní Dublin níbí ni wọ́n bí èyí sí. Grand ni, kò séwu. Kò ní yọ yín lẹ́nu."

A dì í sínú àpò ìrọ̀rí, a gbé e sínú páálí. Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ó béèrè bóyá kéèkì ni mo gbé lé itan.

"Rárá, mà. Ejò ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbá mi lápá, ó ní mo mọ àwàdà ṣe. A jọ sọ̀rọ̀ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Yàrá tí ọmọ wa ń sùn tẹ́lẹ̀ ni mo gbé e sí. Mo kó eku dídì sínú fírísà, lábẹ́ ẹja àti ẹran ewúrẹ́ tí mo rà ní Moore Street. Mo yọ́ ọ̀kan nínú omi gbígbóná, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó gbé orí kúrò. Lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà. Mo pe ọ̀dọ́bìnrin yẹn.

"Ṣé ẹ máa ń gbé e?"

"Gbogbo ìgbà. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo gíláàsì náà, ẹ má wọlé àfi tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi. Ẹ̀rù yín ló ń bà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Nítorí kí n lè ní ẹnìkejì ni mo ṣe rà á, ohun tó sì ń fẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé kí n máa lọ. Mo fi ìró ìyàwó mi kan bo àpótí náà, mo padà sí pálọ̀. Àwọn ọjọ́ yẹn le ju ìgbà tí n kò tíì rà á lọ.

Lọ́jọ́ tí mo tún gbìyànjú, ó já eku náà gbà lójijì, ó lọ́ mọ́ ọn, ó gbé e mì. Mo hó yèè! Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo pe ìyàwó mi.

"Ejò kẹ̀? Dádì, nínú ilé wa?"

Mo sọ bó ṣe jẹun fún un. "Ṣé ó ti le tó báyẹn fún yín ni?" ó wí.

Ó wá sílé nígbà ọdún Àjíǹde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan."

"Kì í ṣe nǹkan kan."

"Ìyẹn sì tó yín?"

"Kò tó," mo ní.

Kò wọlé, ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà jókòó tì í. A wà níbẹ̀ títí ìrẹsì fi jó lórí iná.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde náà, ó padà sí Birmingham, torí ọmọ wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kó ẹ̀wù òtútù rẹ̀ àti ìkòkò tó fẹ́ràn jù lọ. Mo bá a gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀hún ló ṣì wà. Òjòlá náà ti tóbi díẹ̀. Mo máa ń wọlé pààrọ̀ omi rẹ̀, mo sì máa ń rọra pa ilẹ̀kùn dé.