Sítóòfù Gíga àti Àtẹ̀gùn Kóòtù

Láti kékeré ni Inṣíráà kò ti lè fẹsẹ̀ rìn, àmọ́ ládùúgbò wa létí odò Náílì, ìyẹn ò dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ la ń jókòó sí dáná, ilẹ̀ náà la ń jókòó sí jẹun. Kò sẹ́ni tó mọ ìrẹsì í ká sínú ewé àjàrà tó o. Ráwíyà ọmọ rẹ̀ kò febi sùn rí.

Àfi bí Ṣukrí ọkọ rẹ̀ ṣe ti Kùwéètì dé tòun ti sítóòfù gáàsì tó ga dé àyà mi. Ó ju sítóòfù kékeré tí Inṣíráà ń lò nílẹ̀ nù. Kò pẹ́, ó ní ìyàwó òun ò lè dáná mọ́. Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì pè é lẹ́jọ́ kóun lè gba ọmọ. Inú ṣì ń bí mi!

Èmi aládùúgbò rẹ̀ ni mo ti kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ dé kóòtù. Òkè ni adájọ́ wà, àtẹ̀gùn nìkan ló sì débẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ ẹni lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí a ò yọjú, ẹnì kejì ló jàre nìyẹn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà!

"Inṣíráà!" akọ̀wé kígbe látòkè.

"Mo wà nísàlẹ̀!"

"Ìsàlẹ̀ kọ́ ni kóòtù. Gòkè wá! Inṣíráà!"

Àwọn ọkùnrin kan sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé yín."

"Adájọ́ ni kẹ́ ẹ gbé wá. Ṣebí òun ló lẹ́sẹ̀?" ni Inṣíráà fèsì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fà á lápá. "Inṣíráà, ó ku ẹyọ kan o! Ráwíyà ńkọ́?"

Ó dijú. "Ẹ gbé mi."

Bí wọ́n ṣe gbé e tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé báyìí, Ṣukrí nàka sí i. "Olúwa mi, ẹ wò ó! Ṣé eléyìí ló máa tọ́mọ?"

Adájọ́ wo Ṣukrí. "Ṣé kò dáná fún ẹ rí ni?"

"Ó ń dáná dáadáa, olúwa mi, kí n tó ra sítóòfù gíga."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. "Sítóòfù rẹ ni kó o lọ pè lẹ́jọ́." Ó ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Mo dì mọ́ Inṣíráà, mo ń sunkún ayọ̀. Ìgbà tá a dé orí àtẹ̀gùn la rí i pé àwọn tó gbé e gòkè ti lọ. Ilé ìwé Ráwíyà sì ti fẹ́ jáde, ìyá rẹ̀ ló máa ń lọ mú un.

Nísàlẹ̀, Ṣukrí ń sáré gba ọ̀nà ilé ìwé lọ, ó fẹ́ lọ mú ọmọ ká tó débẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" ni Inṣíráà ń ké. "Ta ló máa gbé mi sọ̀ kalẹ̀?"