Kọfí Kẹta Lábẹ́ Odi Jajce

Ní ìlú Jajce, ní ilẹ̀ Bosnia, àlejò nìkan ló ń gbọ́ ariwo omi. Àárín ìlú gan-an ni odò Pliva ti ń já bọ́ láti orí àpáta, lábẹ́ odi tí àwọn ọba àtijọ́ mọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ onílé létí. Fahira pàápàá kò mọ̀ pé òun ń gbọ́ ọ, àfìgbà tí Mevlida ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí Graz, ní ilẹ̀ Austria, tí ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kò jẹ́ kó rí oorun sùn.

Kí ni ìyá fẹ́ sọ? Ọmọ ń fọṣọ fún un, ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì ń bu oúnjẹ ìyá kó tó bu ti ọkọ. Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Ọpẹ́ náà ló wá di Fahira lẹ́nu. Nígbà tí Mevlida ní kí àwọn ta ilé Jajce fún ọkùnrin kan tó fẹ́ sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, ìyá ní ó dára, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Bí wọ́n ṣe padà wá láti ta ilé nìyẹn. Luca, obìnrin aládùúgbò wọn, ló pè wọ́n wọlé, ó sì gbé kọfí kalẹ̀. Ní Bosnia, kọfí àkọ́kọ́ wà fún ẹ káàbọ̀, èkejì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ. Bó bá tó àkókò kí àlejò máa lọ, onílé kò ní sọ nǹkan kan, á kàn gbé ẹ̀kẹta wá. Àlejò tó bá gbọ́n á mu ún, á sì wá bàtà rẹ̀.

Fahira mu àkọ́kọ́, ó mu èkejì. Ó rò pé Luca ń bínú pé òun fẹ́ ta ilé lọ, ó wá ń retí èyí tó kù.

"Aládùúgbò, ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ṣé ìwọra ni wọ́n kọ́ ẹ ní Graz ni? N ò sè é fún ẹ rí, n ò sì ní torí òtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀."

Fahira rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Mevlida béèrè ohun tó dé. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé nígbà ogun, tí gbogbo wọn sá kúrò nílùú, Luca ló kọ́kọ́ padà. Ó ta kọ́tìnì sí fèrèsé Fahira, ó ń dá iná níbẹ̀ kí èéfín lè máa jáde, bíi pé èèyàn wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé náà, Luca á ní ilé àbúrò òun ni. Kátólíìkì ni Luca, Mùsùlùmí ni Fahira, ṣùgbọ́n ó pa irọ́ náà láìmira, títí àbúrò fi dé.

Lọ́jọ́ kejì, olùrajà dé. Vienna ló dàgbà sí, kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tiẹ̀ mú ṣokoléètì dání. Fahira fún un ní kọfí méjì. Ọkùnrin náà ní òun máa fi fèrèsé onígíláàsì nínípọn sí ilé náà, kí ariwo omi má baà da àlejò láàmú. Luca, tó wá bá wọn jókòó, wúkọ́. Ọkùnrin náà wá béèrè ìgbà tí àwọn máa fọwọ́ síwèé.

Fahira wo ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò kọfí kékeré ka iná.

Mevlida mọ èyí tó kàn. Ó jókòó díẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó gba àwo kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún un."

Ó gbé e síwájú àlejò tòun ti ṣúgà. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ní wọn ò ṣe òun lálejò báyìí rí. Ó mu ún tán pátápátá, ó ní ṣé ó ṣì kù.

"Ọmọ mi," ni Luca wí, "kò sí ẹ̀kẹrin."

Mevlida bẹ ọkùnrin náà pé kó má bínú, pé ilé náà kì í ṣe títà mọ́, ìyá òun ló ń gbé ibẹ̀. Ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bá a kọ orí bàtà rẹ̀ síta kó lè rọrùn fún un láti wọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Nígbà tó padà wọlé, Fahira di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń dúpẹ́, ó ń dúpẹ́, títí Mevlida fi ní ó tó. Luca ti fọ ìkòkò, ó ti se kọfí tuntun. Ó rọ ọ́ sínú ife, ó gbé e síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Aládùúgbò," ló wí, "káàbọ̀."