Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Àwọn Ọmọdé

Kò tíì pẹ́ rárá. Òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá nígbà tí ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba kan, dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje la fi wà níta. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ ti gbọ́ bí a ṣe borí, torí wọ́n máa ń fi kọrin nípàdé. Èmi tí mo di kọ́kọ́rọ́ mú fẹ́ sọ apá tí kò sí nínú orin. Ìwé mi kò ju girama kẹta lọ, nítorí náà bí mo ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́.

Agbálẹ̀ ni mí. Yàrá físíò àwọn ọmọdé ni mò ń gbá, níbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ọmọ tí iṣan wọn le, àtàwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó lè jókòó. Èyí tí mo mọ̀ jù nínú wọn ni Tómi, ọmọ ọdún márùn-ún, tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n wá láti Kábùsà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìrọbí ìyá rẹ̀ pẹ́, ọmọ náà kò sì tètè mí nígbà tí wọ́n bí i. Látìgbà náà, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Àǹtí Bísí, físíò tó ń tọ́jú rẹ̀, á fa iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, á wá de ọmọ mọ́ pákó ìdúró, pákó kan tó ga dé àyà rẹ̀, tó ní ìgbànú mẹ́ta. Orí pákó yẹn ni Tómi ti máa ń pàṣẹ fún mi. "Bọ̀dá, ẹ ò tíì gbá abẹ́ mi o."

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì, Àǹtí Bísí gbìyànjú láti ki bébà sábẹ́ gìgísẹ̀ náà. Bébà kò wọlé. Ẹsẹ̀ ti balẹ̀. Ìyá Tómi sunkún, torí ọ̀gá iléèwé kan nítòsí ilé wọn ti ṣèlérí pé bí ọmọ náà bá lè dúró ti tábìlì, òun á gbà á sí kíláàsì kìíní.

Ohun tí a ń jà fún tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ lọ́dúnmọ́dún láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́, a sì ń fi ọwọ́ lásán kó ẹ̀jẹ̀. Alága ẹgbẹ́ wa fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá físíò náà. Ó ní, "Kọ́lá, ìwọ ni mo fọkàn tán. Abẹ́rẹ́ kan kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀." Mo so ewé tútù mọ́ àgádágodo. Inú mi dùn. Èmi agbálẹ̀ wá di ẹni tí dókítà ń bẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Tómi dé ẹnu ọ̀nà.

"Àbúrò mi, mi ò ní kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́. Pákó ìdúró rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ yá mi. Màá máa dè é nílé."

"Ìyá Tómi, ẹ má bínú. Tí a bá gbé tiyín jáde, kí la fẹ́ sọ fún ẹlòmíì?"

"Sọ fún un pé ọmọ ni."

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ bẹ ìjọba. Tómi wò mí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó bi mí pé ṣé mi ò gbálẹ̀ lónìí ni. Ìyá náà tún wá lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà, kò wá mọ́.

Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá. Èmi ni mo lọ tẹ́ koríko náà sílẹ̀ fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, alága ní kí n gbé aṣọ ìwọ́de wá sílé òun ní Gwarinpa. Nígbà tí mo wọ pálọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lórí pákó ìdúró, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àǹtí Bísí kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lára pákó náà ni Ìyá Tómi ti fi ọ̀dà èékánná pupa kọ orúkọ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n má baà gbé e fún ẹlòmíì. Mo kà á. TÓMI. Ojú èmi àti Àǹtí Bísí ṣe mẹ́rin, òun ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kúrò.

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ alága. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti gbé pákó lọ. Ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà ń bẹ̀ mí, yàrá tí pákó rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ ni mò ń ṣọ́.

Alága rí ojú mi. "Ọmọ yìí á bàjẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún le. Ó yé ẹ, àbí?"

"Ó yé mi, sà."

Ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́, mo padà lọ ṣọ́ àgádágodo mi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i.  Kí n má purọ́, ká ní pákó wà nínú yàrá náà, síbẹ̀ mi ò ní gbé e fún Ìyá Tómi.

A borí. A jó yí ọgbà ká, èmi ni mo lé orin. Kí n tó ṣí yàrá, pákó ti padà sáyè rẹ̀. Tómi kò wá. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Alága kò ru nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé pákó náà lọ sí Kábùsà.

Ìyá Tómi de ọmọ náà mọ́ ọn. Ó wá ní, "Fi ìka rẹ sábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀." Mo fi sí i. Ìka méjì wọlé.

Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo rí ní Gwarinpa fún un. 

"Ọmọ kúkú ni ẹni tó wà lórí ẹ̀ náà. Tèmi nìkan ni kì í ṣe ọmọ."

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn la jẹ. Iléèwé bẹ̀rẹ̀ láìsí Tómi, àwọn dókítà sì ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn la pàdánù. Mo dìde nípàdé, mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú alága, mo ní kí a kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé bí a bá dáṣẹ́ sílẹ̀, a kò ní ti yàrá àwọn ọmọdé mọ́. Alága ní ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwa náà rín lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò tíì kọ ọ́. Ẹ̀yin ló kù kẹ́ ẹ bá wa kọ ọ́. Bí wọ́n bá sì fún yín ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mò ń lọ sí Kábùsà ní gbogbo Sátidé. Ìyá Tómi á di orúnkún mú, èmi á fa ẹsẹ̀ bí Àǹtí Bísí ṣe fi hàn wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Ìka méjì náà ṣì wọlé.