Àádọ́ta Òròmọdìyẹ Lẹ́sẹ̀ Baba Onílé

Òròmọdìyẹ bí àádọ́ta ló yí baba onílé wa ká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara rẹ̀. Ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, wọ́n sì ń ṣa ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Ó gbé agogo ìsìn sókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí?" ló ń pariwo. "Mo ní ta ló ni ìwọ̀nyí nínú ilé mi?"

Ìyàwó mi ló ni wọ́n. Ní Ẹ̀gbẹ́dá nílùú Èkó ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, a sì ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá. Tíṣà ni ìyàwó mi, oníròyìn ni èmi. Láti kékeré ló ti ń wù ú pé kó ní adìyẹ tirẹ̀. Baba onílé gbà pé kó kọ́ ilé adìyẹ sí ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ ó là á mọ́lẹ̀ níṣojú gbogbo ayálégbé: "Ẹ̀yìnkùlé ni mo wí o. Ọjọ́ tí mo bá rí ìyẹ́ adìyẹ kan ṣoṣo nínú ilé mi, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé parí."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni káfíńtà kan ní Dopemu tó gba iṣẹ́ náà dá fún wa. Ìyàwó mi gbà á gbọ́, ó lọ ra àádọ́ta òròmọdìyẹ tí kò tíì ju ọmọ ọjọ́ kan lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin dé, òpó mẹ́rin péré ló dúró ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sí páànù, kò sí nẹ́ẹ̀tì. Ìgbàkígbà tí a bá lọ bá a, ohun kan náà ló ń sọ: "Fúráìdè, màdáámù. Fúráìdè tó ń bọ̀ yìí gan-an."

Ní gbogbo àkókò yìí, inú páálí mílíìkì ńlá kan la fi wọ́n pamọ́ sí nínú yàrá wa, pẹ̀lú lántánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ara wọn lè móoru. Yàrá baba onílé wà níwájú ilé, tiwa ló kẹ́yìn, nítorí náà kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, páálí yẹn dà bí pápá ìṣeré fún wọn. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ ò lè ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Wọ́n ń ké ṣáá. A rò pé òtútù ni, a da ìró ìyàwó mi bo páálí, a tún sún lántánì mọ́ wọn. Ariwo wá pọ̀ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn.

Ìyá aránṣọ tó ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tiwa nìkan ló mọ àṣírí wa. Ó ṣí ìró náà wò, ó sì pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí! Òtútù wo? Ẹ̀ ń sè wọ́n ni! Àyè ni wọ́n ń wá. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n tó jẹ ara wọn tán, jàre."

Bí a ṣe fi pálọ̀ sílẹ̀ fún wọn nìyẹn. A ti àga mọ́ ògiri, a tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Èyí tí iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀ ni ìyàwó mi kọ́kọ́ tẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ò rí i, ẹ ti ní òǹkàwé tuntun."

Háà, ẹ wá wo ìdùnnú! Wọ́n ń sáré láti ògiri dé ògiri, wọ́n ń fi ìyẹ́ tí kò tíì gún fò sókè. Ọ̀kan lọ jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni fẹ́ ka ìròyìn. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tó ní ọgbẹ́ ti ń jà fún oúnjẹ. Bí ìyàwó mi bá fẹ́ bọ́ wọn, á fi ṣíbí lu agolo mílíìkì, gbogbo wọn á sì ya lù ú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan la ń ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn, nítorí baba onílé kì í ti ṣọ́ọ̀ṣì dé kí ọ̀sán tó pọ́n. A kàn ń fi pákó kan dí ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, baba onílé gbàgbé agogo ìsìn sílé. Ó padà wá mú un. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mì ín lẹ́ẹ̀mẹta láti mọ̀ bóyá ó ń dún dáadáa.

Àádọ́ta orí ló nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè!" ni ìyàwó mi kígbe, àmọ́ wọ́n ti fo pákó.

Ìyá aránṣọ sọ fún mi nígbà tó yá: "Mo rò pé òjò ló ń rọ̀. Ìgbà tí mo yọjú, àfi bí ẹni pé Baba dúró láàárín odò. Adìyẹ ni omi odò ọ̀hún!"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, tèmi ni. Wọ́n ṣebí agolo tí mo fi ń pè wọ́n jẹun ló ń dún. Ẹ má gba ẹ̀yìnkùlé náà lọ́wọ́ mi."

Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀kan, ó rí ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló bu èyí jẹ?"

"Àwọn fúnra wọn ni, sà. Inú páálí ló há mọ́ wọn."

"Páálí há, ẹ wá ń bu ara yín jẹ?" Adìyẹ ló ń bá wí. "Ayálégbé mélòó ló ń lo balùwẹ̀ kan níbí? Ṣé wọ́n ń bu ara wọn jẹ ni?"

"À ń ṣe é, Baba," ni ìyá aránṣọ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ kì í sí ńlé ni."

Baba fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín gba ìbínú lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo náà ń dún bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, àwọn adìyẹ sì tún ń sún mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ló ti dájọ́. Ó ní kí a kó wọn lọ sínú gáréèjì òun lọ́jọ́ náà, ibi tí ọkọ̀ Pijó rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ wà, wọn kò sì gbọdọ̀ tún wọ inú ilé. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra òun yóò lọ sí Dopemu, òun á sì jókòó ti káfíńtà yẹn títí yóò fi gbé páànù àti nẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ̀yìnkùlé ṣì jẹ́ ti ìyàwó mi. Àmọ́ kó wá nǹkan mìíràn tí yóò máa fi pè wọ́n jẹun, nítorí òun ò ní kó adìyẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.