Ojú Ewé Méjì Nínú Ìwé Ẹgbẹ́

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀kà, nígbà tí wọ́n wá pè mí pé ọnọ́rébù ti dé. Mo da aṣọ bo àtẹ ẹ̀wà náà, mo fọwọ́, mo mú ìwé ẹgbẹ́ àti bírò méjì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò wa. Bírò méjì ni mo máa ń mú, torí pé ọ̀kan lè gbẹ.

Ọnọ́rébù yìí, ọmọ kíláàsì mi ni. Ilé ìwé gírámà kan náà la jọ lọ ní Ìkàrẹ́. Láàárọ̀, a ó wọ mọ́tò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà nígbà tí ìkùukùu ṣì bo àwọn àpáta. Òun ni agbẹnusọ wa nínú dìbéètì. Bí wọ́n bá ti lẹ àkọlé mọ́ pátákó, á wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì.

"Akọ̀wé mi, bá mi kọ tọ̀tún-tòsì."

Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà sórí ìwé kan, mo sì máa ń kọ ti ẹni tó kọ̀ sórí ìwé mìíràn. Á ki ọ̀kan sápò ọ̀tún, á ki èkejì sápò òsì. Ó di ìgbà tó bá dé orí pèpéle, tó mọ apá tí wọ́n fi í sí, kó tó yọ èyí tó yẹ. Kò sígbà tí kì í borí. Mi ò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn mẹ́ta nígbà náà. Ẹnu rẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un, bíi pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀ ní Ìkàrẹ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ìwé ẹgbẹ́ wà nínú báàgì mi. Mo kàn rí i pé mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀ ni.

Ohun mẹ́rin ló sọ. Ó ní òun fara mọ́ ọn kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọlọ́pàá tirẹ̀, nítorí àwọn àgbẹ̀ tí ẹ̀rù oko ń bà. Ó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo kò burú, ìkánjú tí wọ́n fi ṣe é ló burú. Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ ìlera: ó ní kí wọ́n ti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké pa, kí wọ́n kó nọ́ọ̀sì àti oògùn wọn jọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìkàrẹ́. Àwọn ọlọ́jà pàtẹ́wọ́.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa ni mo bí ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Nọ́ọ̀sì ìgbà náà máa ń gbé omi gbígbóná wá láti ilé rẹ̀ nínú fúláàsì, á ní omi ibẹ̀ kì í tètè hó. Ọmọbìnrin mi, àbígbẹ̀yìn wọn, lóyún oṣù mẹ́jọ, ibẹ̀ ló sì ti forúkọ sílẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà ni láti ilé wa. Ti Ìkàrẹ́, bí mọ́tò ò bá sí, ẹ ó jókòó dè é ni.

Lọ́jọ́ tó wá bá wa ní Ọ̀kà yìí, nínú ìpàdé ẹgbẹ́, ó tún sọ ohun mẹ́rin náà. Mẹ́ta ò yí padà. Nígbà tó kan ìkẹrin, ó gbé ọwọ́ sókè: "Ilé ìwòsàn yìí? Ẹni tó bá fẹ́ tì í pa, àfi kó gba orí mi kọjá!" Àwọn obìnrin hó yèè. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa, àlejò kì í mu omi wa kí a tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí, kó sì wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Àwọn ìyá wa tí ò mọ̀wé ló fi í lélẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kọ́. Ife omi ti wà níwájú rẹ̀. Màmá, olórí ẹgbẹ́ wa, mi orí sí mi. Mo dìde.

Àkọlé kan náà, "Ọ̀rọ̀ Ọnọ́rébù," ni mo fi rúlà fàlà sí nídìí lójú ewé méjèèjì. Ti Ìkàrẹ́ ni mo ṣí. Mo ka ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, mo ka ti ìjọba ìbílẹ̀, mo ka ti epo, mi ò fura. Ní ìkẹrin, ojú mi rí i kí ẹnu mi tó dé ibẹ̀. Mi ò ní purọ́: àṣìṣe ni títí dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Mo kà á tán.

"Ṣé ọnọ́rébù méjì ló wá ni?" Obìnrin kan tó ń ta gààrí ló bú sẹ́rìn-ín.

Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ìyá mi, akọ̀wé yín ló ṣí ibòmíràn. Ti Ìkàrẹ́ nìyẹn."

"Ti Ìkàrẹ́?" ni Màmá wí. "Ọmọ mi, ṣé ibi tí aboyún Ìkàrẹ́ ń gbà bímọ yàtọ̀ sí tiwa ni?"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú—"

"Òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Akọ̀wé, fún un ní bírò. Kó fagi lé èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, kó mu omi."

Ó wò mí gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wò mí lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹni tó ń retí ìwé. Bírò àkọ́kọ́ kọ̀, kò kọ̀wé. Mo fún un ní èkejì. Ó fa ìlà kan gba inú ìkẹrin ti Ìkàrẹ́ kọjá, ó fọwọ́ sí i, ó sì mu omi náà tán.

Mi ò mọ̀ bóyá ìlà yẹn lágbára kankan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn wa ṣì ń ṣí láràárọ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ mi bí sí lóṣù tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, nígbà tí mo sìn ín dé ìdí mọ́tò lọ́jọ́ náà, àyà mi wúwo. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ojú tí mo jẹ́ kó tì í. Ó fi bírò náà lé mi lọ́wọ́.

"Akọ̀wé mi," ló wí, "láyé ìgbà yẹn, orí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo máa ń bá mi kọ ọ́ sí."