Aṣọ Ìyàwó Wọ Bàlúù

Bí ẹ bá dé àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì tí ẹ fẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi Mọ̀dínátù, ẹ má wulẹ̀ ka orúkọ tó wà lára pátákó. Ẹ ṣáà ní ẹ ń wá Àǹtí Ẹ-wá-lọ́la. Ọlọ́kadà á nawọ́ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á rẹ́rìn-ín, á sì bi yín pé, "Tiyín ti tó oṣù mélòó níbẹ̀?"

Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Èmi kàn máa ń fi pè é ni.

Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ dùn. Bó bá ránṣọ fún ọ, ikùn tí ò ń fi báàgì bò láti ọjọ́ yìí á wọlé fúnra rẹ̀. Ohun tó kàn ń ṣe é ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé aṣọ wá, "Ó máa yá, ẹ má mikàn." Ẹ ò rí i pé gbogbo ìlú kò ní ṣàì mikàn?

Ó tún ní ìwà kan. Kì í fi píìnì sínú agolo, ara rẹ̀ ni agolo. Ó ń gún un mọ́ etí híjáàbù, mọ́ ọrùn bùbá, mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn gan-an. Èyí tó bá kù á wà láàárín ètè, bó bá sì ń bá ọ jà, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀rù yín kì í ba Bàbá Qowiyy ọkọ yín láti dì mọ́ yín?" Ó ju àkísà lù mí.

Lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni Monínúọlá, ọmọ tíṣà kan ládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Sátidé tó ṣáájú ọdún tuntun ni ìgbéyàwó, Àbújá ni wọ́n ti máa ṣe é. Àǹtí mi ní kó tó di Disẹ́ńbà, aṣọ ti délé. Kérésì wọlé, aṣọ kò ní bọ́tìnnì, wọn ò tíì ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀.

Monínúọlá kò bú u. Ohun tó ṣe burú ju èébú lọ. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù fún un.

Ó ní lórí fóònù, "Àǹtí Mọ̀dínátù, ẹ má fi rán awakọ̀ o. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá rí yín, aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni màá fi ṣègbéyàwó. Bí ìjọ bá sì béèrè, màá dárúkọ télọ̀ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń sá fún oníbàárà láti ọjọ́ pípẹ́ wá di ẹni tó ń jó kiri ṣọ́ọ̀bù. Kò wọ bàlúù rí! Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń ṣí fèrèsé. Mo ní ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń ní kó máa bá awakọ̀ wo ọ̀nà. Ó gbà mí gbọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Aṣọ tí kò tíì parí ńkọ́?" ni mo bi í.

"Inú bàlúù ni màá ti parí rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ máa wò níbẹ̀? Sánmà?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé aṣọ funfun náà sínú ọ̀rá ńlá lọ́jọ́ Ẹtì, a wọ táksí, ó di pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹ gbà mí! Ó dà bíi pé gbogbo Èkìtì ló fẹ́ padà sí Àbújá lọ́jọ́ kan náà. Ìlà ti jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Àwọn tó wá jẹ Kérésì nílé ń kó iṣu padà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò lóko. Bàbá kan ti tú bẹ́líìtì kó tó kàn án, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń fi èkejì wọ́ báàgì. Ọmọ kan ń ké pé kí wọ́n má fi bàtà òun sínú ẹ̀rọ, pé ẹ̀rọ máa jẹ ẹ́.

Ìyá àgbà kan lẹ́yìn wa ń kùn: "Wọ́n yẹ̀ mí wò ní géètì, wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ mí wò níbí. Kí ni mo jí?"

Ó kan Àǹtí mi. Ó kí obìnrin aláàbò tó wà níbẹ̀ dáadáa, ó gba ẹnu ọ̀nà onírin kọjá bí olorì. Ẹ̀rọ ké: píì!

"Màmá, ẹ yọ irin ara yín."

"Irin wo? Mi ò ní irin kankan."

Mo nàgà láti ẹ̀yìn okùn tí wọ́n ta fún àwa tí a kàn wá sìn wọ́n. "Ọ̀gá, ẹ wo etí híjáàbù!"

Wọ́n yọ píìnì sínú abọ́ ike. Ó tún kọjá. Píì!

"Ẹ wo ọrùn bùbá!"

"Qanitah, ẹnu ẹ yẹn, Ọlọ́run á bá mi mú un!"

Wọ́n yọ tọrùn, ó ké. Wọ́n yọ tapá, ó ké. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ọ̀dọ́kùnrin kan pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò ni, àbí páálí píìnì?"

Àǹtí mi yíjú padà. "Ìwọ tí ṣòkòtò ẹ já nídìí yẹn, ẹni tó ń wá píìnì kì í bú oní-píìnì."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ bo ìdí. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni obìnrin aláàbò ti fa àlùmọ́gàjí jáde nínú báàgì Àǹtí mi, ó gùn bí apá ọmọdé.

"Èyí ò wọlé. Àti abẹ́rẹ́ wọ̀nyí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. "Ọ̀gá mi, uṣẹ́ mi nì yẹn o! Aṣọ ìyàwó ni mo gbé dání, ọ̀la ni ìgbéyàwó, kò tíì parí." Bí ẹ bá gbọ́ tó fi ohùn Adó pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

"Mo gbọ́ yín, màmá. Ṣùgbọ́n irú nǹkan yìí ò gbọdọ̀ wọ bàlúù."

Mo rò pé ó máa sunkún. Bí kò bá wọlé, Monínúọlá kò ní rí aṣọ. Bó bá sì wọlé láìsí abẹ́rẹ́, aṣọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló máa rí. Ó wo àlùmọ́gàjí, ó wo ìlà gígùn tó wà lẹ́yìn wa.

"Ẹ ò lè ti ilẹ̀kùn kí gbogbo àwọn yìí tó wọlé tán, àbí?"

"Rárá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá." Ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sílẹ̀, ó sì tú aṣọ náà jáde nínú ọ̀rá.

Ilé náà mọ́lẹ̀ wàì. Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà ní, "Háà!"

"Mo nílò ẹni tó ga bí ìyàwó, kí n lè wọn ìṣẹ́tí," ni ó wí. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nàka. "Ìwọ, arẹwà. Kí lorúkọ ẹ?"

"Dùnmínínú, mà." Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, Àbújá lòun náà ń lọ.

"Dùnmínínú, wá bá mi wọ̀ ọ́ sórí ṣòkòtò ẹ yẹn."

Ẹni tó ń bínú ṣáájú wá di òṣìṣẹ́. Ìyá àgbà tó ń kùn di etí aṣọ mú kó má kan ilẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin oníṣòkòtò-jíjá ń kéde bí ìlà ṣe kù sí. Mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àǹtí mi ń ṣẹ́tí kiri, ó ń fi orúnkún rìn yí ọmọ náà po. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn, ó ń gán bọ́tìnnì wẹ́wẹ́, ó ń dé wọn bó ṣe ń gán wọn, kó lè rí i pé wọ́n tò. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń bẹ̀rẹ̀ wò ó. Obìnrin aláàbò ṣe bí ẹni tí kò rí wa, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó ku mélòó?"

"Ìlà ti tán o!" ni ọ̀dọ́kùnrin náà kígbe, òun náà sì sáré wọlé.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní kí àwọn tó ń lọ sí Àbújá wọ bàlúù, pé ìpè ìkẹyìn nìyí. Àǹtí mi gé òwú. Ó ti àlùmọ́gàjí, abẹ́rẹ́ àti píìnì tó kù lára rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà onírin kọjá.

Ẹ̀rọ kò ké!

Gbogbo wa hó yèè. Ó ń fò sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó yíjú padà láti gba aṣọ rẹ̀, ó wá rí i pé ara Dùnmínínú laṣọ ṣì wà, tòun ti bọ́tìnnì dídé láti ọrùn dé ìdí.

"Ẹ bá mi tú u!"

"Àti tú èyí?" ni obìnrin aláàbò wí. "Bàlúù á ti dé Àbújá." Ó fọwọ́ yẹ ọmọ náà wò dáadáa nínú gbogbo ìpele aṣọ yẹn, ó sì na ọwọ́ síwájú. "Ìyàwó, ẹ kọjá."

Bí Dùnmínínú ṣe wọ bàlúù nìyẹn, pẹ̀lú kánfáàsì lẹ́sẹ̀ àti báàgì lẹ́yìn, tí télọ̀ gbé ìrù aṣọ tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ pé gbogbo ọkọ̀ kí i kú oríire, wọ́n sì ń bi í pé ọkọ dà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fóònù mi dún. Monínúọlá ni, láti pápákọ̀ Àbújá. Ẹ̀rín àti ẹkún ti dàpọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Qanitah! Mo rí Àǹtí Mọ̀dínátù. Mo rí aṣọ mi náà, ó sì dára jù! Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ta ni ọmọ tó wọ̀ ọ́ bọ̀ wá bá mi yìí, kí ló sì dé táwọn èèyàn ń bá èmi àti ẹ̀ ya fọ́tò?"