Ilé Tí Ará Rẹ̀ Kò Tíì Dé

Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ihò kásẹ́ẹ̀tì géèmù àtijọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, òórùn eruku àti ike rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní Erúnmu.

Bọ̀ọ̀dá, àbúrò bàbá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gbogbo ẹrù wọn dé láti Ajíbọ́dé ni, níbi tí àwọn àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn ti ń ṣẹ̀dá géèmù kan. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé pádì fún mi.

Agbo ilé wa gan-an ni mo rí níbẹ̀: kànga, igi àgbálùmọ̀, kòkó tí a sá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò séèyàn, àfi ọmọ kan tí mo ń fi pádì darí. Mo wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ó rú mi lójú. Mo rò ó títí, mo ní àwọn ará ilé náà ti lọ sóko ni, bíi tiwa. Mo bá mú ọmọ inú géèmù dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó lè kí wọn kú àbọ̀.

Nígbà tó yá, ìyá mi ti oko dé, igi ìdáná lórí wọn. Nínú tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó dé.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé oko wọn jìnnà ni?"

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ilé nìkan ni Bọ̀ọ̀dá rí yà tán kí ẹgbẹ́ wọn tó tú ká, tí géèmù náà sì di àpatì.

"Ó jìnnà díẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n nawọ́ láti pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á. Ilẹ̀ ò tíì ṣú níbẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n jókòó tì mí, àwa méjèèjì sì ń wo ẹnu ọ̀nà.